Ọ̀rọ̀ Tí Kì Í Pariwo

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tó ń rẹ aṣọ láró nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi pé kí n ka lẹ́tà kan fún òun. Ilé ìtajà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ́, lẹ́yìn tí ìyá ti fi aṣọ àdìrẹ mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n fi wò bóyá wọn yóò máa rà lọ́wọ́ òun. Lẹ́tà náà kò gùn. Gbólóhùn méjì tó ṣe kókó nínú rẹ̀ nìyí: "The pieces are quite nice. The blue is perhaps a little strong for us, but it is all very interesting." Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní: "Ìyá, ẹ kú oríire o. Wọ́n ní aṣọ yín dára gan-an ni. Wọ́n ní aró yín mú dáadáa, ó sì wù wọ́n púpọ̀."

Ìyá dìde, ó jó díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti rẹ 60 aṣọ mìíràn, ó sì jẹ́ kí aró wọn dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ohun tí mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ràn nìyẹn. A kọ̀wé sí wọn pé aṣọ ti délẹ̀. Èsì tí wọ́n fún wa kò ju ìlà kan lọ: "We shall certainly keep you in mind." Èyí náà, mo túmọ̀ rẹ̀ láìṣiyèméjì: "Wọ́n ní àwọn kò ní gbàgbé yín." Láti ọjọ́ náà títí di òní, wọn kò kọ nǹkan kan sí wa mọ́.

Ọmọ Kétu ni mí. Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé, Gẹ̀ẹ́sì sì wọlé tọ̀ mí wá ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí fún gbogbo ọmọ tó bá kàwé dé ibẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń jẹ ní Àjàṣẹ́ ni kí n máa túmọ̀ lẹ́tà àti ìwé àdéhùn fún àwọn oníṣòwò tí ọjà wọn ń ré kọjá ààlà, nítorí náà n kò lè fi ẹnu mi sọ pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ojú tì mí tó, mo gbé lẹ́tà méjèèjì lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ogún ọdún kó tó padà wálé. Ó ka ti àkọ́kọ́, ó mi orí, ó ní: "Àbúrò, láti ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ní àwọn kò fẹ́ ọjà yìí."

Ó jókòó, ó tú u fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá pe nǹkan ní "quite nice", ńṣe ló ń dín ìyìn kù, kò bù kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Amẹ́ríkà lè fi ọ̀rọ̀ kan náà bù kún un. Ó ní "perhaps a little strong" túmọ̀ sí pé ó ti pọ̀ jù. Ní ti "interesting", Faransé ló mú mi ṣìnà níbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu, nítorí pé bí a bá sọ ní Faransé pé iye tí wọ́n ń ta ọjà jẹ́ "intéressant", ohun tí à ń sọ ni pé ó rọrùn, ó ṣe é rà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ibi tí ẹni tí kò fẹ́ yìn, tí kò sì fẹ́ bú, máa ń sá sí. Ìlérí pé wọn yóò fi wá sọ́kàn yẹn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ní: "Ó dàbọ̀ ni wọ́n sọ."

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rò pé mo ti múra sílẹ̀ de ọnà èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ní ìwé kan tí mo fi ìlà pupa pín: àfiwé tààrà ní ojú ewé kan, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ní òmíràn, ìfohunpènìyàn, àsọdùn, àdàpè, títí dé orí ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. Olùkọ́ wa fẹ́ràn èyí tó bá ya ẹni lẹ́nu. Ó kọ́ wa pé bí òjò bá rọ̀ lákọlákọ, Gẹ̀ẹ́sì yóò ní ológbò àti ajá ló ń rọ̀, Faransé yóò ní okùn ni. Bí ohùn bá há, Faransé ní ológbò ló há sí òun lọ́fun, Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ebi tó ń pa Faransé, ebi ìkookò ni. Gẹ̀ẹ́sì ní òun lè jẹ odindi ẹṣin. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí, a sì gba máàkì.

Èrò mi báyìí ni pé àwọn wọ̀nyí kò le rárá. Wọ́n ń pariwo ara wọn. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ajá ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, ìwọ yóò wòkè, o kò ní rí ajá kankan, ìwọ yóò sì mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí o kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, o ti mọ̀ pé ó yẹ kí o béèrè. Ọ̀rọ̀ tí yóò gbé ọ ṣubú ni èyí tó múra bí ọ̀rọ̀ lásán, tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè, tí o mọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti kíláàsì àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó máa ń wòkè nítorí "quite".

Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wọ aṣọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kétu ni, lálẹ́ ọjọ́ Èfẹ̀, eégún akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Gbogbo ayé ló mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ báyìí, nítorí pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde rẹ̀ ní 2001 mọ́ àwọn àṣà àtẹnudẹ́nu tó yẹ kí aráyé dá sí, àwọn àlejò sì máa ń ya fọ́tò àwọn ère tó ń jó ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n òru ni ti Èfẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ni tirẹ̀. Yóò jáde sí ojú agbo, yóò júbà àwọn ìyá wa, yóò gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn èyí ni yóò wá gbé ọ̀rọ̀ ìlú kalẹ̀, yóò máa yìn, yóò máa bú, kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Mo wà lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà mi lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí Èfẹ̀ ń kọrin nípa ewúrẹ́ kan tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ iṣu àjọni, tí iṣu wá ń dín kù, tí ewúrẹ́ sì ń sanra. Agbo hó gèè. Èmi bi ìyá àgbà pé ewúrẹ́ ta ni. Ó fi aṣọ bo ẹnu, ó ní: "Ewúrẹ́ kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Má wo akọrin mọ́, wo èrò, kí o wá ẹni tí kò rẹ́rìn-ín." Mo wò yíká. Bàbá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó àjọ wà lọ́dún náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni mí, mo sì ti mọ̀ pé kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ nìkan ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń gbé; ó tún máa ń wà lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ bá. Bí mo ṣe wá gbàgbé èyí nígbà tí lẹ́tà ìyá aláró dé ọwọ́ mi, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Bóyá ńṣe ni mo rò pé èdè tí wọ́n fi máàkì kọ́ni kò ní ojú.

Àwa tí a ní Yorùbá lẹ́nu, a máa ń rò pé àwọn ẹlòmíràn ló ń fi àwòrán sọ̀rọ̀. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé inú òun dùn, ló bá kọ "My stomach is sweet." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó yá, mo ronú sí i. Kí ni ikùn dídùn fi jọ ayọ̀? Kí ló dé tí ojú fi ń tì wá, tí ọkàn wa fi ń balẹ̀, tí orí ẹni fi ń wú, tí a tún ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wa? Tábìlì ní ẹsẹ̀, kò rìn rí. Íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń lò, ayélujára ni orúkọ tí a sọ ọ́, bí ẹni pé ẹnì kan mú irin, ó sì fi lu ayé já láti ìhà kan dé ìhà kejì; bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi orúkọ eku pe ohun kékeré tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà, Faransé náà sì tẹ̀ lé wọn. Kò sí ẹni tó ń rí eku náà mọ́.

Ní 1980, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, George Lakoff àti Mark Johnson, gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, èyí tí a fi ń pe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí akéwì fi ń pa ọ̀rọ̀ láró. Wọ́n ní òun ni a fi ń ronú lójoojúmọ́ láìmọ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù nínú tiwọn ni ti àkókò. Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ń ná àkókò bí ẹni ń ná owó: ó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, ó ń fi ṣòfò, ó ń bi ọ́ bóyá o lè fún òun ní díẹ̀ nínú tìrẹ. Iyàn jíjà ńkọ́? Ogun ni lẹ́nu wọn. Wọ́n ń kọlu ọ̀rọ̀ ẹni, wọ́n ń dáàbò bo tiwọn, wọ́n ń ṣẹ́gun, wọ́n sì ń pàdánù. Ẹni tó bá ti rí àwọn àwòrán ńlá wọ̀nyí, tó mọ̀ pé owó ni àkókò, ogun sì ni iyàn, kò ní nílò kó máa há ọgọ́rùn-ún gbólóhùn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ gan-an, "metaphor", èdè Gíríìkì ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a gbé nǹkan kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Gíríìkì títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń kọ sára ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, àwọn alálùpùpù tó ń gba Igolo gbé epo bẹntiróòlù wọlé láti Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kpayo, ni wọ́n sọ sí mi lọ́kàn. Kẹ́ẹ̀gì ló máa ń dé Àjàṣẹ́. A kì í rí ibi tí wọ́n ti fa epo náà, a kì í sì í béèrè, bí alùpùpù bá ṣáà ti lè rìn. Bẹ́ẹ̀ ni àkànlò èdè ṣe ń dé ọwọ́ wa.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tọpa rẹ̀ padà, yóò rí ibùdó. Ará erékùṣù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi aláṣọ, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì, sì kún inú èdè wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, wọ́n ní ó mọ okùn, èyíinì ni okùn tí wọ́n fi ń ta aṣọ ọkọ̀. "By and large" tí mo máa ń túmọ̀ sí "lápapọ̀" láìronú, ọ̀rọ̀ awakọ̀ ojú omi ni, lórí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn nígbà tó bá kọjú sí afẹ́fẹ́ àti nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń tì í lẹ́yìn. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀, nítorí bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n ń pè ní baseball ni tiwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gba lẹ́tà tí wọ́n ti ní kó fi "ballpark figure" ránṣẹ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá iye tí wọ́n ń ya pápá ìṣeré kí n tó dá a dúró pé iye àfojúdá ni wọ́n ń béèrè. Èyí tó kàn mí jù nínú gbogbo wọn ni "deadline", ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Andersonville ní 1864, ìlà kan wà nínú ọgbà náà tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tí ẹlẹ́wọ̀n kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, ìbọn ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mo máa ń yára díẹ̀ sí i.

Kí á má fi tiwọn rẹ́rìn-ín jù. Bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́ pé ẹnì kan ta epo sí àlà ẹnì kejì, ọṣẹ ni yóò máa wá.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn kò gba ìṣòro lọ́wọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá ní Downing Street, òpópónà tí ọ́fíìsì olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, sọ̀rọ̀, àwa náà mọ̀ pé kì í ṣe òpópónà ló la ẹnu, bí a ṣe mọ̀ pé bí Kútọnu bá ní Marina ti pinnu, ilé iṣẹ́ ààrẹ ni. Ní ti àdàpè, ta ni yóò kọ́ wa? Àwa tí a kì í pe ejò lórúkọ lóru, tí a ń pè é ní okùn ilẹ̀, àwa tí ọba wa kì í kú bí kò ṣe pé ó wàjà, a kò lè ya ẹnu nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní olóògbé ti "pass away", tàbí tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ní òun ti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan "go". Ìyá tó ní "O káre, ọmọ mi" fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ìkòkò ti kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àyídà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a gbọ́ ohùn ìyá. Lẹ́tà kò ní ohùn.

Nítorí náà ni mo ṣe padà sórí ọ̀rọ̀ àdínkù, ọ̀rọ̀ tó ń pe ńlá ní kékeré, nítorí òun ni mo gbà pé ó léwu jù. Ìtàn kan wà nípa rẹ̀ tí àwọn òpìtàn ogun máa ń sọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1951, ní ogun Kòríà, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà ya lu ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní odò Imjin. Ọ̀gá wọn, Tom Brodie, wà lábẹ́ ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Robert Soule, ẹni tó bi í pé báwo ni nǹkan ṣe rí. Iná ti jó dé orí òrùlé, ṣùgbọ́n ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Brodie. Ó fèsì pé nǹkan "a bit sticky", bí ẹni ń sọ pé ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ díẹ̀. Ará Amẹ́ríkà gbọ́ "díẹ̀", ó sì gbà pé díẹ̀ náà ni. Kò pàṣẹ kí wọ́n padà sẹ́yìn. Ọ̀tá yí àwọn ọmọ ogun Gloucestershire, ọ̀wọ́ kan nínú ẹgbẹ́ Brodie, ká lórí òkè, ó sì lé ní 500 nínú wọn tí ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí àwọn ọ̀gá méjèèjì sí. Ìtùnú kékeré ló jẹ́ fún mi, nítorí 60 aṣọ ni tèmi.

Mo rò pé ohun tó fa èyí kò ju pé ibi tí ìwà ọmọlúwàbí ń gbé yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Kétu, bí àgbà bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ọ, yóò fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, yóò kí ọ, yóò kí ilé, yóò fi òwe sí i. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀wọ̀ nípa yíyọ ọ̀rọ̀ kúrò: ó ń fi "bóyá" síwájú, ó ń fi "díẹ̀" sẹ́yìn, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo mọ́. Ẹni tó ń retí ẹ̀kún ìyìn yóò gbọ́ ìyìn kékeré, yóò sì dúpẹ́. Báyìí, bí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bá dé ọwọ́ mi, mo máa ń kọ́kọ́ wá gbogbo "a little", "perhaps" àti "rather" inú rẹ̀, mo máa ń yọ wọ́n sọ nù, mo sì máa ń ka ohun tó kù. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣe bí ìyá àgbà ti wí: mo máa ń wá ẹni tí kò rẹ́rìn-ín, mo máa ń béèrè ẹni tí yóò náwó tàbí tí yóò pàdánù bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bó ṣe jókòó lórí ìwé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń gbà á. Ṣùgbọ́n n kò yára jó mọ́.

Ìyá aláró kò fi mí sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tà nínú 60 aṣọ yẹn díẹ̀díẹ̀ ní ọjà Ouando, ó sì sọ wọ́n ní "aṣọ tíṣà", orúkọ tí èmi kì í fẹ́ gbọ́. Nígbà tí oníbàárà mìíràn kọ̀wé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọdún tó kọjá, kò jẹ́ kí n parí kíkà kó tó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ Kétu, dúró. Kí ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọn kò sọ?"

Mo ní: "Ìyá, wọ́n kọ ọ́ pé 'Not bad at all. Could you manage a few more?' Wọ́n ní kò burú rárá."

Ó dákẹ́. Ó wo aṣọ tó ń kán lórí okùn. "Kò burú? Ṣebí bí èmi ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, bí aṣọ wọn bá dára tí n kò sì fẹ́ kí orí wọn wú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Ìyá."

"'Díẹ̀ sí i' yẹn ńkọ́? Ṣé díẹ̀ ni díẹ̀ wọn, àbí púpọ̀?"

Mo ní n kò mọ̀, kí a bi wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ aró. A kọ̀wé pé kí wọ́n fi iye sí i. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: 40. Kí n tó ka lẹ́tà náà tán, ìyá ti wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.